Orí Keje: Bí Pákéèjì Ṣe Ń Dé Orí Sáfà, àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́ Kúrò

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ dátábéèsì PostgreSQL, kéde pé òun rí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹnìkan dá sínú xz, pákéèjì kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà dání lè gba ibẹ̀ wọ sáfà oní-sáfà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kan gbogbo ẹni tó ń bójú tó sáfà, ì báà wà ní Èkó, ì báà wà ní Ṣakí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ká rí i pé ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa jìn, ó sì lè dí lọ́jọ́ tí a kò retí. Ti èkejì jẹ́ ká rí i pé ohun tó gba ọ̀nà náà wá lè pọn ohun tí a kò ránṣẹ́ sí sẹ́yìn. Àbò kan wà fún méjèèjì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà sí: ìwé àkọsílẹ̀ tí sáfà fúnra rẹ̀ ń kọ nípa gbogbo pákéèjì tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ti ń gbé pákéèjì sórí sáfà ṣùgbọ́n tí kò lè ka ìwé yìí, ààbọ̀ iṣẹ́ ló mọ̀.

Ilé ìkàwé la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí. Ká gbà pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òkè-Ògùn, irú The Oke-Ogun Polytechnic tó wà ní Ṣakí tàbí ọgbà LAUTECH tó wà ní Ìṣẹ́yìn, fẹ́ kó àkọsílẹ̀ ìwé rẹ̀ kúrò lórí káàdì, kó o sórí kọ̀ǹpútà. Koha ni sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. New Zealand ló ti wá: Horowhenua Library Trust ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Katipo Communications ní 1999, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìíní 2000. Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló sì ń gbé. Nítorí náà, Debian la ó lò. Ẹni tó ní Ubuntu, ọmọ ìyá rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2004, lè tẹ̀ lé gbogbo àṣẹ inú orí yìí láìyí ohun púpọ̀ padà.

Kí ló wà nínú pákéèjì?

Kí pákéèjì tó dé, iṣẹ́ àṣelàágùn ni kí ènìyàn fi sọ́fítíwíà kan sórí ẹ̀rọ. Yóò wá kóòdù rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, yóò sì fọ́n àwọn fáìlì rẹ̀ ká oríṣiríṣi fódà. Bó bá wá di ọjọ́ yíyọ, ta ló rántí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà? Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ 1993, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà. Ní 1994, Ian Jackson tún dpkg kọ, ètò tó ń tú sọ́fítíwíà tí a dì sínú fáìlì kan ṣoṣo, tó sì ń rántí ibi tó kó gbogbo rẹ̀ sí. Pákéèjì 474 ló wà nínú Debian 1.1 nígbà tó jáde ní oṣù Kẹfà 1996. Debian 12, tó jáde ní oṣù Kẹfà 2023, ní ju 64,000 lọ.

Bí a bá tú fáìlì .deb kan, ohun mẹ́ta la ó bá nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù, debian-binary, kò ju ìlà kan lọ, ó kàn ń sọ ẹ̀dà ìlànà tí wọ́n fi dì í ni. Control.tar ló gbé ìròyìn pákéèjì náà dání: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àwọn pákéèjì mìíràn tó gbára lé. Data.tar ló gbé àwọn fáìlì tí yóò bọ́ sórí sáfà gan-an.

Inú control.tar yìí kan náà ni àwọn ètò kéékèèké mẹ́rin kan máa ń wà, preinst, postinst, prerm àti postrm. Méjì àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí fáìlì tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá wọlé tán. Méjì ìkẹyìn ń ṣiṣẹ́ nígbà yíyọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró síbí díẹ̀. Àṣẹ root ni àwọn ètò yìí fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí root kò lè ṣe lórí sáfà. Ẹni tó bá gba pákéèjì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kì í ṣe fáìlì nìkan ló gbà. Ó ti gbé gbogbo sáfà lé onítọ̀hún lọ́wọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sì tó fún ẹni tó ní èrò ibi.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí a ń wí wà ní /var/lib/dpkg. Fáìlì tó ń jẹ́ status ló ń sọ irú ipò tí pákéèjì kọ̀ọ̀kan wà. Fódà tó ń jẹ́ info ló ń tọ́jú orúkọ gbogbo fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó wá. A kì í fi ọwọ́ kọ nǹkan kan sínú wọn, àṣẹ la fi ń bi wọ́n léèrè:

dpkg -L apache2
dpkg -S /usr/sbin/apache2

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń béèrè àwọn fáìlì tí apache2, ètò tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù síta, kó wá. Èkejì ń béèrè pákéèjì tó ni fáìlì kan, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: apache2-bin ló ni í, kì í ṣe apache2. Pákéèjì tí a fẹnu pè kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó ń ṣe iṣẹ́. Ó gbára lé òmíràn.

Ìgbáralé, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí xz

Ẹni tó fẹ́ hun etù ní Ìṣẹ́yìn nílò òwú tí wọ́n ti rẹ sínú aró. Aró náà kò ṣeé ṣe láìsí ewé èlú àti omi eérú. Ahunṣọ lè má fọwọ́ kan ewé èlú rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ bí èlú ọdún yẹn kò bá dára, ara aṣọ rẹ̀ la ó ti rí i. Bí pákéèjì ṣe so mọ́ra wọn náà nìyẹn. Koha-common, tí í ṣe pákéèjì Koha, gbára lé Apache, ó gbára lé Perl, ó sì gbára lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àká kóòdù Perl; ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yẹn tún ní èyí tí òun náà gbára lé. Iṣẹ́ apt, tó wọ inú Debian 2.1 ní oṣù Kẹta 1999, ni láti tẹ̀ lé okùn náà dé ìdí, kó kó gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé wọn lé dpkg lọ́wọ́ ní ìtòtẹ̀léra tó tọ́. Kí apt tó dé, ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó rọrùn gan-an báyìí, ìrọ̀rùn náà ló sì bo okùn yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo xz dáadáa. Sshd ni ètò tí olùtọ́jú sáfà ń gbà wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Òun gan-an kò ní ohun tó ń fi xz ṣe. Ṣùgbọ́n Debian àti àwọn díẹ̀ mìíràn ti so sshd mọ́ libsystemd kí ó lè máa sọ fún systemd, ètò tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí sáfà, pé òun ti dìde tán. Libsystemd sì ń fa liblzma wọlé. Inú iṣẹ́ xz ni liblzma ti wá. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi bí ọdún méjì ran ẹni tó ń tọ́jú xz lọ́wọ́, ó ṣe é títí wọ́n fi fọkàn tán an, tí òun náà fi ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ló fi ilẹ̀kùn náà pamọ́ sí. Freund kò mọ̀ pé òun ń wá olè. Ohun tó kíyè sí ni pé sshd ń jẹ agbára ẹ̀rọ ju bó ti yẹ lọ, àti pé ìwọlé ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sí ti tẹ́lẹ̀. Kò fojú fo ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Ilẹ̀kùn náà kò dé inú Debian 12 tí àwọn sáfà ń lò nígbà náà. Ẹ̀ka ìdánwò Debian ló dé, àti ti Fedora, Linux mìíràn.

Kí ni olùtọ́jú sáfà kan ní Kíṣì tàbí Òkèihò lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn yẹn jáde? Àṣẹ kan péré:

apt policy xz-utils

Ìwé àkọsílẹ̀ yóò sọ ẹ̀dà tó wà lórí sáfà àti ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ 5.4.1, tí í ṣe ti Debian 12, ó lè lọ sùn. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ da fáìlì sórí sáfà láìgba ọ̀dọ̀ dpkg kò ní rí ìdáhùn kankan níbẹ̀, àfi kó máa tú fódà kiri.

Gbígbé e sórí sáfà

Fáìlì /etc/apt/sources.list, tàbí àwọn tó wà nínú fódà sources.list.d, ló ń sọ àká tí apt yóò ti máa kó pákéèjì. Àṣẹ méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Apt update kì í yí sọ́fítíwíà kankan padà. Ìwé orúkọ ohun tó wà nínú àká nìkan ló ń gbà wá. Apt upgrade ló ń gbé ẹ̀dà tuntun sórí. Ẹni tó bá pe èkejì láìpe èkíní, ìwé orúkọ àtijọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́, àká sì lè dá a lóhùn pé kò sí fáìlì tó ń béèrè mọ́.

Koha kò sí nínú àká Debian fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní àká tiwọn, debian.koha-community.org. Kí a tó fi orúkọ àká yìí kún sources, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí i. Láti ìgbà Debian 4.0, ní 2007, ni apt ti ń yẹ òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí yìí wò. Fáìlì InRelease tó wà nínú àká ni wọ́n lu òǹtẹ̀ náà lé; inú rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀ àwọn ìwé orúkọ wà, inú ìwé orúkọ sì ni àmì ìdánimọ̀ pákéèjì kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹnìkan bá yí ẹyọ lẹ́tà kan padà nínú pákéèjì lójú ọ̀nà, àmì kò ní bára mu mọ́, apt yóò sì kọ̀ ọ́. Òǹtẹ̀ yìí kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilé, bíi Jia Tan. Lọ́wọ́ ẹni tó ba sójú ọ̀nà ló ń dáàbò boni.

Inú /etc/apt/keyrings la ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, a ó sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú signed-by lórí ìlà àká tó ni í, kí ó má bàa ní àṣẹ lórí àká mìíràn. Apt-key, tí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ṣì ń kọ́ni, ń jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Debian ti ní ká má lò ó mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí:

sudo apt update
sudo apt -s install koha-common mariadb-server

Lẹ́tà s yẹn ń sọ fún apt pé kó ṣe bí ẹni ń ṣe é, ṣùgbọ́n kó má ṣe é. Yóò to orúkọ gbogbo ohun tí ìbá kó wá, àti ti ohun tí ìbá yọ. Olùkọ́ tó bá lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ka ìwé orúkọ yìí tán nígbà gbogbo ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí kò bá sí ohun àjèjì nínú rẹ̀, kí a yọ s kúrò, kí a sì jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá parí, sudo koha-create --create-db saki yóò dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ lórí sáfà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ saki.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́kì bá fà, tí iná bá lọ

Àwọn ìwé tí a ń rà láti òkè òkun máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé iná kì í lọ, dátà kì í sì í tán. Òkè-Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí apá yìí fi gùn ju bí ìwé mìíràn ṣe máa ń ṣe é lọ.

Bí ènìyàn bá gbé Ubuntu sórí ẹ̀rọ tó sì yan Nàìjíríà, àká tí yóò fún un ni ng.archive.ubuntu.com. Orúkọ yẹn kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tó ń dáhùn wà ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ òkè òkun ló wà, gbogbo pákéèjì ní láti gba wáyà abẹ́ òkun kó tó gba orí òpó dé Ìṣẹ́yìn. Ká gbà pé yàrá kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀rọ 40, àtúnṣe oṣù yìí sì jẹ́ 300 MB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí olúkúlùkù bá lọ gba tirẹ̀, 12,000 MB ni, pákéèjì kan náà ni wọ́n sì ń gbà nígbà ogójì, owó dátà náà kò sì ní ìdí.

Apt-cacher-ng ló ń tán an. Orí ẹ̀rọ kan nínú yàrá náà la ó gbé e sí. Ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ béèrè pákéèjì kan ni yóò mú kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó kù yóò gba ẹ̀dà tó ti wà nílé. Orí àwọn ẹ̀rọ tó kù, ìlà kan la ó kọ sínú /etc/apt/apt.conf.d/01proxy:

Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó ń tọ́jú pákéèjì, 3142 sì ni ẹnu ọ̀nà tí apt-cacher-ng ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé ṣé http lásán kò léwu. Òǹtẹ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ló dáhùn: ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè rí ohun tí a ń gbà, ṣùgbọ́n kò lè pààrọ̀ rẹ̀ kí apt má mọ̀.

Ibi tí nẹ́tíwọ́kì kò bá sí rárá ńkọ́? Apt-offline wà fún un. Orí sáfà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, a ó ní kó kọ ohun tó nílò sínú fáìlì kan:

sudo apt-offline set ibeere.sig --update --upgrade

A ó fi fláàṣì gbé ibeere.sig lọ sí ìlú tí nẹ́tíwọ́kì ti dára, apt-offline get ibeere.sig --bundle eru.zip yóò sì kó gbogbo rẹ̀ jọ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, kódà bó bá jẹ́ Windows. Nígbà tí a bá padà dé, sudo apt-offline install eru.zip yóò gbé e lé apt lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí sáfà wà fún ọdún kan láìrí àtúnṣe.

Ti iná tún wà. Bí iná bá lọ nígbà tí dpkg wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ínfátà kò sì gbé e, àwọn pákéèjì kan yóò ti tú sílẹ̀ ṣùgbọ́n postinst wọn kò ní tíì ṣiṣẹ́. Dpkg ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí òun dé nìyẹn. Nígbà tí iná bá dé:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install

Èkíní ń parí iṣẹ́ tó kù, èkejì ń wá ìgbáralé tó sọ nù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí tmux tàbí screen lórí sáfà, kí iṣẹ́ lè máa lọ níbẹ̀ bí nẹ́tíwọ́kì tirẹ̀ bá já. Bí apt bá sì sọ pé òun kò rí lock-frontend gbà, ẹlòmíràn ló ń lo ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, unattended-upgrades, ètò tó ń ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀, ló sì sábà máa ń jẹ́. Kí ènìyàn dúró. Àwọn kan máa ń pa fáìlì lock náà rẹ́ kí tiwọn lè lọ. Bí ètò méjì ṣe ń kọ̀wé sínú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, bí ìwé náà ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Yíyọ

Àṣẹ méjì ló wà fún un. Apt remove ń yọ ètò, ó ń fi fáìlì ètò-ìlò tó wà ní /etc sílẹ̀. Apt purge ń kó àwọn yẹn náà lọ. Bí a bá remove apache2, tí a wá béèrè lọ́wọ́ dpkg -l, a ó rí lẹ́tà rc níwájú rẹ̀: a ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n fáìlì ètò-ìlò rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó ń padà bọ̀ wá lò ó lọ́la, remove ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń dágbére fún un, kó lo purge.

Purge lè bani nínú jẹ́ níbi dátábéèsì. Bí a bá purge mariadb-server, dátábéèsì tí Koha ń lò, yóò béèrè bóyá kí òun pa àwọn dátábéèsì pàápàá rẹ́. Àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé, gbogbo ẹni tó yá ìwé, gbogbo iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti fi oṣù gbáko tẹ̀, inú ibẹ̀ ló wà. Apt lè gbé MariaDB padà wá láti inú àká. Kò sí àká kankan láyé tó ní àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé Ṣakí. Nítorí náà, sudo koha-dump saki ló ń ṣáájú, kí a sì gbé fáìlì tó bá bọ́ sí /var/spool/koha/saki kúrò lórí sáfà náà pátápátá, kí a tó fọwọ́ kan yíyọ.

Ewu kejì ni pé ìgbáralé ń ṣiṣẹ́ níhà méjèèjì. Bí a bá yọ ìpìlẹ̀, ohun tó dúró lé e yóò bá a lọ. Nígbà mìíràn, gbígbé ohun tuntun wọlé pàápàá lè lé ohun àtijọ́ jáde. Ní ọdún 2021, Linus Sebastian, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lórí YouTube, fẹ́ gbé Steam, ètò eré kọ̀ǹpútà, sórí Pop!_OS, ìbátan Ubuntu kan. Àṣìṣe wà nínú bí pákéèjì náà ṣe so mọ́ àwọn yòókù lọ́jọ́ yẹn. Apt to orúkọ ohun tí yóò yọ, pop-desktop wà nínú rẹ̀, ó kìlọ̀, ó sì ní bó bá dá a lójú kó tẹ gbólóhùn kan: Yes, do as I say! Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ pátápátá, ó ku àwọ̀ dúdú àti lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kọ apt mú gbólóhùn yẹn kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ yọ pákéèjì tó ṣe kókó báyìí ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ pe --allow-remove-essential. Ìwé tí apt tẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn kò purọ́ kankan. Linus ni kò kà á.

Apt autoremove ń yọ àwọn pákéèjì tó wọlé nítorí ẹlòmíràn, tí ẹni náà sì ti lọ. Ó wúlò jù lọ fún kẹ́nẹ̀lì àtijọ́, nítorí pé bí wọ́n bá kún /boot, àtúnṣe tuntun kò ní rí àyè. Bí ó bá dárúkọ ohun tí a ṣì ń lò, sudo apt-mark manual àti orúkọ pákéèjì náà yóò sọ fún un pé a mọ̀ ọ́n mọ̀ gbé e wá ni. Apt-mark hold ń dá pákéèjì dúró sórí ẹ̀dà kan. Kí a lò ó nígbà tí ìdí wà, kí a sì kọ ìdí náà sílẹ̀, torí àtúnṣe ààbò kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí kò sí nínú ìwé

Sudo make install, tàbí ìlà kan tó ń fa ètò láti íntánẹ́ẹ̀tì wá sínú sudo bash, ń gbé sọ́fítíwíà wọlé láìjẹ́ kí dpkg mọ̀. Yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n apt upgrade kò ní tún un ṣe láé, apt remove kò mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó gbé e wá bá sì ti lọ sìnrú ìlú tàbí tó gba iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó wà. Debian 12 ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kan: bí a bá fi pip gbé àká kóòdù Python sórí ẹ̀rọ gbogboogbò, yóò kọ̀, yóò ní externally-managed-environment. Ó ń ní ká lo pákéèjì Debian, tàbí ká dá àyíká ọ̀tọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú venv. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, /usr/local tàbí /opt ni àyè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn sáfà tó jẹ́ ti ẹbí Red Hat ń lo RPM, tó jáde ní 1995, pẹ̀lú dnf, tí Fedora sọ di tirẹ̀ ní 2015. Dnf install, dnf remove, rpm -qf fún ìbéèrè ẹni tó ni fáìlì: ẹni tó mọ ti Debian yóò mọ̀ wọ́n kíákíá. Dnf ní ohun kan tó yẹ ká yìn ín fún, dnf history undo, tó ń gbìyànjú láti yí iṣẹ́ kan padà sẹ́yìn. Lórí Debian, /var/log/apt/history.log la ó kà, kí a sì fi ọwọ́ ara wa yí i padà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Lórí ẹ̀rọ ìdánwò, kì í ṣe lórí sáfà tí ẹnikẹ́ni ń lò, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé apache2 wọlé, kó sì kọ orúkọ gbogbo pákéèjì tó bá a wá. Kó yọ ọ́ pẹ̀lú remove, kó wo ohun tí dpkg -l apache2 sọ, kó wo ohun tó kù ní /etc/apache2, kó tún purge rẹ̀, kó wá pe autoremove pẹ̀lú -s. Àwọn pákéèjì wo ni ìwé àkọ́kọ́ dárúkọ tí autoremove kò dárúkọ, kí sì nìdí? Kó ṣí history.log, kó fi ti inú rẹ̀ wé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, kó wá pákéèjì tó kó fáìlì yo_NG wá sínú /usr/share/i18n/locales, fáìlì tó ń kọ́ Linux ní orúkọ ọjọ́ àti oṣù lédè Yorùbá, kó kọ àṣẹ tó fi rí i, àti ẹ̀dà pákéèjì náà tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀.